Èémí Urabe

"Dá a dúró," ni Màmá Urabe wí. "Ẹni yẹn kì í ṣe ọkọ mi."

Nagisa Tokumaru tẹ bọ́tìnnì. Àwọn oníjàkadì méjì tó wà lójú tẹlifíṣàn dúró gbọin, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lórí ìdúró. Kò sẹ́ni tó ń darí èyíkéyìí nínú wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń bá kọ̀ǹpútà jà. Iṣẹ́ Nagisa ni láti kọ́ kọ̀ǹpútà náà bí oníjàkadì kọ̀ọ̀kan ṣe ń jà: ìgbà tí yóò kọlù ọ̀tá, ìgbà tí yóò sá, ìgbà tí yóò gbà kí wọ́n gbé òun ṣánlẹ̀, àti iye èémí tó ní nínú kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni, kó wá jókòó sórí àga rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Oṣù mẹ́ta ló ti fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Kanji Urabe. Urabe fúnra rẹ̀ ti kú, ó di ọdún mẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nagisa yìí, nínú yàrá kékeré kan ní àjà kẹrin ilé iṣẹ́ wọn ní Osaka, ó gbé àpò kékeré lé itan. Òǹtẹ̀ orúkọ ẹbí wà nínú àpò yẹn. Bí kò bá tẹ òǹtẹ̀ náà sórí ìwé ìyọ̀ǹda kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, wọn yóò yọ Urabe kúrò nínú géèmù, wọn yóò fi ẹlòmíì sí àyè rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì nìyí.

"Ṣé ojú rẹ̀ ni ò jọra, Màmá?"

"Ojú jọra. Ẹ tiẹ̀ rántí àpá abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ẹ ṣeun. Kí ló ń ṣe nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, mà. Ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún ti pé."

"Ó rẹ ta ni?"

Nagisa nàka sí Urabe lójú tẹlifíṣàn.

"Ọkọ mi á jà tán ní Wakayama," ni màmá náà wí, "á wakọ̀ wálé, á jẹ abọ́ ìrẹsì mẹ́ta, á tún bá ọlọ́tí ìsàlẹ̀ ilé wa gbé àpótí ọtí gun òkè. Ìwọ wá sọ fún mi pé ó rẹ̀ ẹ́. Èémí mélòó lẹ kọ fún un?"

"Mẹ́rin, mà. Nínú mẹ́wàá."

"Mẹ́rin." Ó pa ẹnu àpò rẹ̀ dé. "Àwọn oníwèé ìròyìn pè é ní Èémí Ológoṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀, mo fara dà á. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ fi í ṣẹ̀sín lẹ́nu ọ̀nà wa, mo fara dà á. Ṣùgbọ́n n kì í mú òǹtẹ̀ ẹbí mi tẹ èébú. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó tẹríba, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Kò tíì dé ìsàlẹ̀ tí ọ̀gá iṣẹ́, Enokida, fi yọ orí wọlé. Ọkùnrin abara-ńlá tó máa ń làágùn nígbà òtútù ni.

"Ó ti tẹ̀ ẹ́?"

"Kò tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá. Ó ní èémí ọkọ òun kéré jù."

"Ìyẹn náà lọ̀rọ̀? Sọ ọ́ di mẹ́sàn-án, kó tẹ òǹtẹ̀, ká jẹun."

"N ò lè kàn sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Ohun tí mo rí nínú fídíò ni mo kọ."

"Ta ni yóò mọ̀, Tokumaru?"

"Àwọn tó ń ra géèmù wa. Ẹ ti gbàgbé irú èèyàn tí wọ́n jẹ́? Àwọn wọ̀nyẹn máa ń jókòó fún wákàtí méjì wo kọ̀ǹpútà tó ń bá kọ̀ǹpútà jà, wọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí Urabe bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbáni létí níbi tó ti máa ń lo òsì, lẹ́tà á dé kí ilẹ̀ tó ṣú."

Enokida fi aṣọ ìnujú nu ọrùn rẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kí á má tan ara wa: ẹni bíi Nagisa ṣọ̀wọ́n. Kò lọ sí yunifásítì kankan. Iṣẹ́ àwọn tó ń wá àṣìṣe inú géèmù ló fi wọ ilé iṣẹ́ náà, nísàlẹ̀ níbi tí fèrèsé ò sí. Níbẹ̀ ló ti fi ojú ara rẹ̀ kọ́ bí ìwé ìwà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìwà ni wọ́n ń pe àtẹ gígùn tí wọ́n fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, bí ara oníjàkadì yìí bá ṣì dá, nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà kó ta ìpá ní ogún, kó di ọrùn mú ní ọgbọ̀n, kó máa rìn yí ká ní àádọ́ta tó kù. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, kó yí i padà báyìí. Ẹlòmíì á kọ ọ́ kí oníjàkadì rẹ̀ lè máa borí. Nagisa mọ̀ pé ìyẹn gan-an ló ń bà á jẹ́. Oníjàkadì tí kì í gbà kí wọ́n gbé òun ṣánlẹ̀, igi ni, kì í ṣe oníjàkadì. Gbígbà ni ìjàkadì tòótọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbà ló mọ̀ ọ́n jà. Nítorí náà, ó máa ń wo fídíò, á kà á, á kọ ọ́ sórí káàdì, fídíò kan, káàdì kan.

Fídíò Urabe jẹ́ méjìlélọ́gọ́ta. Nínú mọ́kànlélógójì, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, Urabe á wó lulẹ̀, á di orúnkún òsì mú, á máa ké. Ìdá méjì nínú mẹ́ta nìyẹn. Mẹ́rin ni èémí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ìyàwó rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ abọ́ ìrẹsì mẹ́ta náà sì ń yí orí Nagisa ká bí ẹ̀fọn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó da gbogbo káàdì sórí ilẹ̀. Bí ọjọ́ ìjà ṣe tẹ̀ lé ara wọn ló ti máa ń tò wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yọ mọ́kànlélógójì sọ́tọ̀, ó sì wo ibì kan tí kò wò rí: orúkọ alátakò.

Hatakenaka. Hatakenaka. Hatakenaka. Ó ṣí káàdì kẹwàá, ó ṣí ogún, ó ṣí gbogbo wọn. Gozo Hatakenaka ni, kò sí ẹlòmíì.

Ó mú mọ́kànlélógún tó kù. Àwọn ẹlòmíì ni Urabe bá jà níbẹ̀. Kò wó lẹ́ẹ̀kan. Nínú ọ̀kan, ó jà fún àádọ́ta ìṣẹ́jú, ó sì fò lé okùn tó yí ojú ìjà ká lẹ́yìn náà kó lè bú àwọn èrò ìwòran dáadáa.

Nagisa jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn káàdì náà. Ó ti da ẹran àti ẹja pọ̀ sínú ìkòkò kan, ó wá ń sọ fún aráyé pé adùn kan ni wọ́n ní. Ojú tì í dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó dìde, ó pe nọ́ńbà kan ní Sakai.

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn ìjàkadì ní Osaka ló mọ Gozo Hatakenaka. Irin Sakai ni wọ́n ń pè é, nítorí pé Sakai, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ, ló ti wá, àti pé kò sẹ́ni tó rí i kó rẹ̀ ẹ́ rí. Òun ni ààyò èrò. Urabe ni wọ́n fi ṣe ọ̀dájú, ẹni tí èrò gbọ́dọ̀ kórìíra, tí wọ́n ń ju èèpo ọsàn lù. Nínú géèmù, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni èémí Irin Sakai, òun nìkan ló sì ní in. Láti ìgbà tó ti fi ìjàkadì sílẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ó dé ní Ọjọ́bọ̀, ó bá Màmá Urabe nínú yàrá náà, nítorí Nagisa ti bẹ òun náà kó wá. Wọn ò tíì rí ara wọn látọjọ́ ìsìnkú.

"O ti sanra, Gozo," ni màmá náà wí.

"Ìwọ náà ò kéré mọ́, ìyàwó wa. Ta ló pè wá jọ síbí bí ajá àti ológbò?"

"Ọmọ yìí ni. Ó kọ èémí mẹ́rin fún ọkọ mi."

Hatakenaka fa àga kan. Ó jókòó, àga náà dún. Enokida gbé tíì ọkà báálì wọlé fúnra rẹ̀, nítorí kò lè gbà kí Irin Sakai wọ ilé iṣẹ́ òun kí òun má rí i, ó sì dúró sí ìdí ilẹ̀kùn bí ẹ̀ṣọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí," ni Nagisa wí.

Ó gbé ìjà Urabe àti Hatakenaka inú géèmù náà sójú tẹlifíṣàn. Urabe kọ́kọ́ tutọ́ sí ọwọ́, ó ta ojú sí èrò, ó yí po. Hatakenaka rẹ́rìn-ín. "Olè ni. Wo bó ṣe ń rìn." Nígbà tí Irin Sakai inú tẹlifíṣàn gbá Urabe láyà, tí Urabe yí orí padà kí etí rẹ̀ má baà gbá ilẹ̀, bàbá náà na ìka. "Èyí tún ńkọ́? Ta ló kọ́ ẹ bó ṣe máa ń yí orí? Ìyàwó wa, o rí i?"

"Mo rí i. Máa wò ó lọ."

Ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún pé. Urabe wó lulẹ̀, ó di orúnkún òsì mú.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Hatakenaka.

"Pa á," ló wí. Nagisa pa á. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ èyí fún ẹ?"

"Fídíò ni, Bàbá. Ìgbà mọ́kànlélógójì. Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ọjọ́ tó bá yín jà. Kò ṣe é fún ẹlòmíì rí. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa ń tán an lókun ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n..." Ó yíjú sí tẹlifíṣàn. "Ṣùgbọ́n mo tún un wò lánàá. Kò làágùn, Bàbá. Àyà rẹ̀ ò lọ sókè sódò. Tiyín ló ń lọ."

Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, àwọn ìka tí òkúta ìpọ́nbẹ ti jẹ lára.

"Mo ní ikọ́ fée," ló wí. "Àtikékeré."

Enokida gbé tíì kalẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ oníjàkadì wa ò mọ̀. Ká ní ọ̀gá ẹgbẹ́ gbọ́ ni, ọjọ́ náà ni mi ò bá ti padà sídìí ọ̀bẹ. Ní Kishiwada, ìgbà kẹta tí wọ́n fi èmi àti Urabe síra, ọ̀fun mi dí. Mo rò pé màá kú síbẹ̀, lójú èrò. Urabe wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò tíì gbá a. Ó kàn wó lulẹ̀, ó di orúnkún mú, ó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Mo dúró lé e lórí, mo nàka sí i. Gbogbo èrò ń pariwo orúkọ mi. Wọ́n rò pé mò ń fi í ṣẹ̀sín." Ó mí kanlẹ̀. "Mò ń mí ni. Kò sí nǹkan míì tí mò ń ṣe níbẹ̀. Mò ń mí."

"Lẹ́yìn ìyẹn?" ni Màmá Urabe béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń ṣe é ní gbogbo ìgbà. Ọdún mọ́kànlá."

"Ó sọ nǹkan kan fún ẹ?"

"Níbo? Ṣé ọkọ̀ kan náà la jọ ń wọ̀ ni? O mọ bó ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Ọkọ̀ àwọn tí èrò fẹ́ràn lọ́tọ̀, ọkọ̀ àwọn ọ̀dájú lọ́tọ̀, ilé oúnjẹ lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá rí èmi àti ẹ̀ níbi tí a jọ ń mu ọtí, iṣẹ́ ti bọ́. A ò sọ ọ́ rí. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, mo fẹ́ sọ fún ẹ, mo rí gbogbo èrò yẹn, mo tún gbé e mì." Ó yíjú sí Nagisa. "Èémí mélòó lẹ kọ fún èmi?"

"Mẹ́wàá, Bàbá."

"Sọ ọ́ di mẹ́ta."

"Háà, Bàbá," ni Enokida wí. "Irin Sakai? Mẹ́ta? Wọn á wá dáná sun ilé iṣẹ́ yìí."

"Kí wọ́n gbé epo dání. Sọ ọ́ di mẹ́ta, ọmọ mi. Kí gbogbo wọn rí ẹni tó jẹ́ ológoṣẹ́."

"Má fọwọ́ kàn án," ni Màmá Urabe wí.

"Ìyàwó wa, orúkọ ọkọ ẹ ni mo fẹ́ fọ̀ mọ́."

"Irọ́. Ẹrù ara ẹ lo fẹ́ sọ kalẹ̀. Ó ti wúwo fún ẹ, o wá ń wá ilé ọkọ mi tí wàá gbé e jù sí." Omi ti dé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Èmi tí mò ń fọ aṣọ rẹ̀, tí mò ń fi òróró ra orúnkún tí ò dùn ún, kò sọ fún mi. Ó gbọ́ Èémí Ológoṣẹ́ títí ó fi kú, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀, ṣé ẹnu ló ń dùn ún? Ó fún ẹ ní nǹkan, Gozo. O ò lè máa gbé e káàkiri ìlú pé ẹ wá wo ohun tí wọ́n fún mi. Gbà á, kí o dákẹ́."

Bàbá náà tẹ orí ba. Ó pẹ́ kó tó gbé e sókè.

"Ṣùgbọ́n èémí ọkọ mi," ni màmá náà sọ fún Nagisa, "ẹ dá a padà fún un."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Nagisa sọ èémí Urabe di mẹ́sàn-án, ó fi mẹ́wàá Hatakenaka sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n jà. Wọ́n jà fún ogójì ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún kọjá bí ẹlẹ́sẹ̀ tó ń kọjá lójú pópó. Kò sẹ́ni tó wó.

"Ó dára," ni Enokida wí lẹ́yìn rẹ̀. "Màmá á tẹ òǹtẹ̀. Ó parí."

"Kò parí, ọ̀gá. Ẹ ò rí i? Ohun tó dára jù tí ọkùnrin yìí ṣe láyé rẹ̀ ló ti sọnù níbẹ̀."

"Kí lo fẹ́ ṣe? Kò sí ohun tó ń mú un wó mọ́. Èémí tirẹ̀ kún, ti Irin náà kún."

Òótọ́ ni. Bó bá dín èémí Hatakenaka kù, àṣírí tú. Bí kò bá dín in kù, oore náà ò ní ìdí tí yóò fi ṣẹlẹ̀. Nagisa fi ìka lu tábìlì. Ó ṣí ìwé ìwà Urabe lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìlà ẹyọ kan wà tí wọ́n ń pè ní ìlà ọ̀tá. Oníjàkadì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún ni ìkórìíra: o ó kọ orúkọ ẹnì kan síbẹ̀, kí oníjàkadì rẹ lè ṣe sí onítọ̀hún ohun tí kì í ṣe sí ẹlòmíì, bíi kó bù ú létí jẹ, kó fi àga fọ́ ọ lórí. Látìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣe géèmù, kò sẹ́ni tó lò ó fún nǹkan míì.

Nagisa kọ Hatakenaka síbẹ̀. Ìgbà: ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí yóò ṣe: kó wó, kó di orúnkún òsì mú, ìṣẹ́jú méjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà: ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ti Hatakenaka, ó kọ Urabe sí ìlà ọ̀tá tirẹ̀: kó dúró lé e lórí, kó nàka sí i, kó má ṣe nǹkan míì.

"O ò pé, Tokumaru," ni Enokida wí, ṣùgbọ́n ó fa àga kan, ó sì jókòó láti wò ó.

Màmá Urabe dé ní aago mẹ́ta. Ó wo ìjà náà. Nísàlẹ̀ tẹlifíṣàn, ìlà èémí aláwọ̀ ewé tútù kan wà lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, tó máa ń kúrú bí àárẹ̀ bá ṣe ń mú oníjàkadì. Ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún pé. Urabe wó lulẹ̀, ó di orúnkún mú, ó ń ké. Ìlà èémí rẹ̀ ò kúrú rárá. Ó gùn, ó tutù, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Màmá náà wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ títí ìṣẹ́jú méjì fi pé tó tún dìde.

"Ẹlẹ́tàn," ló wí jẹ́jẹ́.

Ó yọ òǹtẹ̀ jáde, ó mí èémí sí ojú òǹtẹ̀ náà kí tàdáwà rẹ̀ lè rọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Kò tíì pé wákàtí kan tó lọ tí ìwé dé láti ìsàlẹ̀, látọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá àṣìṣe. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. *Urabe ń dùbúlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún bó bá ń bá Hatakenaka jà. Èémí rẹ̀ kún. Àṣìṣe ni tàbí kì í ṣe àṣìṣe? Bí kì í bá ṣe àṣìṣe, ẹ kọ ìdí rẹ̀.*

Nagisa kọ ìdí rẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni, ó sì kọ ọ́ dáadáa, ó dárúkọ Kishiwada, ó dárúkọ ikọ́ fée. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó kọ òmíràn:

*Kì í ṣe àṣìṣe. Bó ṣe máa ń bá a jà nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún un.*

Ó sì fi í ránṣẹ́.